Ẹja Ìjọba Tí Bámiṣayé Fi Ṣe Àna Rẹ̀ Lálejò

Ẹja náà dùn. Ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án nínú àwo tó sọ pé kò dùn, títí kan bàbá kan tí kì í yin oúnjẹ. Ohun tó sọ adùn di ẹ̀dùn fún Bámiṣayé ni pé ẹja ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀. Ìjọba ló ni ín. Ó ní nọ́ńbà, ìtàn rẹ̀ sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà kó tó wọ ìkòkò.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń múra àtigbé ìyàwó, pàápàá ẹ̀yin tí ohun àjẹpọ́nnulá ń gba ọwọ́ yín kọjá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sún mọ́bí kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú ọmọkùnrin yìí rí.

Ọdún 1990 ni. Lọ́kọ́jà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà. Bámiṣayé, ọmọ Ìyàmoyè, ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kékeré kan lẹ́bàá odò, níbi tí ìjọba ń kó oríṣiríṣi ẹja odò Ọya àti Bẹ́núè pamọ́ sí nínú ìgò fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Yunifásítì kan ti fi kọ̀ǹpútà kan ta ilé iṣẹ́ náà lọ́rẹ, Bámiṣayé sì ni wọ́n fi jókòó tì í.

Bí ẹja tuntun bá dé, ètò inú kọ̀ǹpútà á fún un ní nọ́ńbà, á wá máa bèèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Irú ẹja wo ni? Ta ló pa á? Níbo ló ti pa á? Báwo ló ṣe gùn tó? Inú ìgò wo ló wà? Bí o kò bá dáhùn èyí tó wà níwájú, kò ní jẹ́ kí o rí èyí tó kàn. Bí o bá sì ti dáhùn tán, ó di àkọsílẹ̀ títí láé. O lè fi ọ̀rọ̀ kún un, ṣùgbọ́n o kò lè pa ẹja rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, àfi bí ọ̀gá bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ ṣí i.

Ọ̀gá náà ni Dókítà Eunice, ọmọ Yàgbà, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáàmù. Kì í pariwo. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ nìkan ni yóò pè, yóò sì dákẹ́, ìdákẹ́ náà á wá máa nà ọ́ bí pàṣán. Ó fọkàn tán Bámiṣayé débi pé bí ó bá ti ní ẹja wà nínú ìgò, Màdáàmù kì í yọjú wo ìgò.

Bámiṣayé ní àfẹ́sọ́nà kan. Modúpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbà, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò Kabawa. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Modúpẹ́ wá sọ fún un pé bàbá àti ìyá òun ń bọ̀ ní Sátidé láti wá wo ilé tó ń gbé ní àdúgbò Karaworo.

"Wo ilé báwo?" Bámiṣayé bi í.

"O mọ̀ pé wolé-wolé ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn á wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn á ṣí ìdérí àmù. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, ilé rẹ mọ́. Oúnjẹ ni mò ń rò. Bàbá mi kì í jẹ ẹran. Ẹja tútù ni tiwọn. Odò sì ti kún báyìí, kò sí ẹja gidi lọ́jà."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ni Bámiṣayé wí, bí ẹni tí odò ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, Màdáàmù àti awakọ̀ ti lọ sí Ìlọrin láti wá oògùn tí wọ́n ń rẹ ẹja sí kí ó má baà jẹrà. Èyí tó kù nínú àgbá ńlá kò ju ohun tó lè rin ìdí àgbá lọ. Bámiṣayé nìkan ló wà lọ́fíìsì nígbà tí Yàkúbù wọlé. Apẹja ni Yàkúbù, Núpé ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé ẹja àràmàǹdà wá fún wọn.

"Sannu, ọ̀gá," ni Yàkúbù kí i. "Àlejò ni mo gbé wá."

Ó tú àpò tó gbé lé èjìká sílẹ̀. Bámiṣayé dìde lórí ìjókòó. Ẹja náà tó ọmọ ọwọ́ ní títóbi. Ó jọ àrọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrọ̀. Ìlà funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun fà á. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè. Egungun kan sì yọ sókè lẹ́yìn rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Bàbá mi nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀," Yàkúbù dáhùn. "Ó ní òun rí i nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Àwa rò pé ogbó ló ń da bàbá láàmú."

Inú Bámiṣayé dùn. Ó wọn ẹja náà, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ ti bèèrè ibi tí ẹja wà, ó tẹ̀ ẹ́ pé inú àgbá ńlá ni. Ọkàn rẹ̀ mọ́ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, nítorí inú àgbá náà ló fẹ́ gbé e sí lóòótọ́.

Bó ṣe fi àkọsílẹ̀ náà pamọ́ tán ni iná lọ.

Fíríìjì dákẹ́. Yàkúbù ti padà sódò. Oòrùn Lọ́kọ́jà, tí Òkè Patti máa ń dá ooru rẹ̀ padà sórí ìlú bí ìdérí ìkòkò, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojú fèrèsé. Bámiṣayé wo oògùn tó wà ní ìdí àgbá. Kò lè bo irùngbọ̀n ẹja náà.

Ó wo ẹja. Ẹja wò ó.

"Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ báyìí," ó sọ fún ẹja náà, "o ti jẹrà kí Màdáàmù tó dé. Bí o bá jẹrà, ìjọba ò rí ọ lò, èmi náà ò sì rí ọ jẹ."

Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé iyọ̀ wà lọ́jà, pé àwọn àgbà a máa fi iyọ̀ pa ẹja mọ́. Bámiṣayé gbà. Ó jáde lọ ra iyọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó ń bọ̀, ata àti àlùbọ́sà ti wà pẹ̀lú iyọ̀ náà nínú ọ̀rá.

Kò jẹ́ kí oògùn inú àgbá kan ẹja náà rárá. Ó fi ewé wé e, ó kó o sínú àpò, ó sì gbé e gba ẹ̀yìn ọfíìsì jáde bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń sùn.

Ní Sátidé, bàbá Modúpẹ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí ìdérí àmù, ó tẹ́ imú sí i. Ó jáde lọ wo ibi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí lẹ́yìn ilé, ó padà wọlé, ó sì jókòó. Ìyàwó rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Modúpẹ́, tó ti ń gúnyán láti àárọ̀, gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Bàbá bu òkèlè, ó fi mú ẹja. Ó tún bu òmíràn.

"Níbo lẹ ti rí irú ẹja yìí?"

Bámiṣayé ì bá ti sọ pé apẹja kan ló gbé e wá. Ọ̀rọ̀ náà kò ní jẹ́ irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó rí ojú tí bàbá náà fi ń wò ó, ojú ẹni tó ń wá ìdí tí òun ó fi fún un lọ́mọ, ahọ́n rẹ̀ sì sáré ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni mo pa á, sà."

Modúpẹ́ gbójú sókè. "Ìwọ?"

"Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó bá mi jà gan-an. Ó fà mí síhìn-ín, ó fà mí sọ́hùn-ún, ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ dojú dé."

Bàbá fa egungun kan jáde láàrin eyín, ó wò ó, ó sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ àwo. "Akọ̀wé tó tún mọ ẹja pa," ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ebi kò ní pa ọmọ wa."

Bí ìpàdé náà ṣe yọrí sí ayọ̀ nìyẹn. Bámiṣayé sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tó jí ló rántí kọ̀ǹpútà.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti dé ọfíìsì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó ní kí kọ̀ǹpútà pa ẹja náà rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi í léèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀gá. Ó tẹ EUNICE, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tẹ YAGBA, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó ronú pé Màdáàmù kì í fi ìjọ ṣeré, ó tẹ JESU. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màdáàmù wọlé. "Kí ló ń ṣe é?"

"Ooru ni, mà. Ooru ló ń mú un."

Màdáàmù jókòó, ó tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Bámiṣayé, ìlà funfun láti orí dé ìrù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Inú àgbá ló wà?"

"Inú àgbá ni, mà. Àmọ́ oògùn ṣì ń wọ ara rẹ̀. Kò yẹ ká tíì ṣí i."

"O ṣe é dáadáa," ni Màdáàmù wí. "Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá ti jẹ́ kí ó bàjẹ́."

Gbólóhùn yẹn wọ Bámiṣayé lára ju ẹgba lọ. Lójú ẹsẹ̀, Màdáàmù ti da gbogbo àkọsílẹ̀ tuntun sórí díìsìkì, ó sì fi rán awakọ̀ sí yunifásítì tó fún wọn ní ẹ̀rọ náà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá láìsí nǹkan kan. Bámiṣayé ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ dé pẹ̀lú iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlákúnlé, onímọ̀ ẹja ní yunifásítì náà: ó ń bọ̀ wá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹja náà.

Màdáàmù, tí kì í rìn yíká, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yíká. "O mọ ohun tí èyí jẹ́? Wọ́n ti ń rò ó láti gba kọ̀ǹpútà yìí padà, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá rí ẹja yìí, wọn ò ní í gbà á mọ́. Ìwọ lo gba ilé iṣẹ́ yìí là."

Ẹni tó ti gun igi dé òkè kì í rántí pé òun lè fò sílẹ̀. Bámiṣayé lè jẹ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ sí etí odò, ó ra àrọ̀ tó tóbi jù lọ tó rí. Ó mú ọ̀dà funfun tí àwọn tó ń tẹ táípù fi ń pa àṣìṣe rẹ́, ó sì fi fa ìlà láti orí àrọ̀ náà dé ìrù. Ó po ata ilẹ̀ pupa mọ́ epo, ó fi kun irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wá abẹ́rẹ́ ìránpò kan, ó gún un mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó gbé e jìnnà díẹ̀ sí ojú, ó wò ó.

Ó dà bí àrọ̀ tó ń lọ ṣe ìgbéyàwó. Ó gbé e sínú oògùn tí Màdáàmù rà bọ̀ láti Ìlọrin, ó dé àgbá pa, ó sì gbàdúrà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlákúnlé dé ní Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí rẹ̀ ti funfun, ẹ̀rín rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọdé. Kò jókòó, kò mu omi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i ná," ló ń wí.

Bámiṣayé ṣí àgbá. Gbogbo wọn bẹ ojú wò ó.

Ọ̀dà funfun náà ti ń hó kúrò lára àrọ̀. Ègé rẹ̀ kéékèèké léfòó lórí oògùn bí gààrí tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Epo irùngbọ̀n ti ya lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí nìyí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka gbé ègé ọ̀dà kan.

"Ó ń bọ́ awọ, sà," Bámiṣayé dáhùn. "Ó jọ pé ó máa ń bọ́ awọ bí ejò."

"Lẹ́yìn tó ti kú?"

Ìgbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. "Òkun o," ohùn kan kí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá Modúpẹ́ ni, ó wọ agbádá, ó mú iṣu kan dání. Ó wá ṣe ètò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, ó sì ní kí òun yà kí ọkọ ọmọ òun lẹ́nu iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta, ooru wà níbí."

"Kò sí ooru. Jẹ́ kí n kí àwọn ọ̀gá rẹ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó ti yọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú díìsìkì, ó ń kà á sókè, ó sì ń fi ohun tó wà nínú àgbá wé e. "Ìlà funfun, láti orí dé ìrù. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Egungun mímú kan lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀."

"Mo mọ ẹja yẹn," ni bàbá Modúpẹ́ wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú. "Ẹ mọ̀ ọ́n, sà?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Egungun tí ẹ wí yẹn há sí mi léyín. Ó dùn púpọ̀. Ọkọ ọmọ mi yìí ló pa á. Ó bá a jà títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ẹ kò ní akọ̀wé mìíràn tó lágbára tó èyí nínú ilé yìí."

Màdáàmù yọ awò ojú rẹ̀.

"Bámiṣayé," ni Màdáàmù wí.

"Mà."

Ó dákẹ́. Bámiṣayé dúró kí ó sọ̀rọ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Kí ló wà nínú àgbá yìí?"

"Àrọ̀ ni, mà."

"Ìlà funfun rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀dà àwọn tó ń tẹ táípù ni, mà."

Bàbá Modúpẹ́ ń wo ojú ọ̀kan dé ojú èkejì. Iṣu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ohun gbogbo fi yé e, nítorí ọkùnrin tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ká ènìyàn mọ́ ìdọ̀tí ni. Ó rọra gbé iṣu náà sí ìdí ògiri, jìnnà sí Bámiṣayé.

Ẹni tó dun Bámiṣayé jù nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò bínú. Ó kàn jókòó sórí àpótí kan, ó ká ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń wá a," ó wí. "Mo ti rin odò yìí láti Jẹ́bà dé Ìdá. Mo rò pé yóò di ọwọ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì."

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo bàbá Modúpẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Egungun rẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá náà ronú. Iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́ padà sí i lójú. "Pàǹtírí kì í rìn," ó wí. "Ibi tí wọ́n bá dà á sí ni yóò wà. Mo sì mọ ibi tí wọ́n ń dà á sí nínú ilé yẹn."

Bí gbogbo wọn ṣe wọ mọ́tò ìjọba lọ sí Karaworo nìyẹn ní ọ̀sán gangan, Ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú, Bámiṣayé lẹ́yìn, ọkọ́ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Kàrímọ́tù, onílé Bámiṣayé, ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́jà, ń ta aṣọ níwájú ilé. Ó rí mọ́tò ìjọba. Ó rí ayálégbé rẹ̀ tó ń gbé ọkọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó rí àwọn àgbàlagbà tó tẹ̀lé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fi ọjà sílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn ńlá. Kí lẹ ń wá lẹ́yìnkùlé mi?"

"Egungun ni, ìyá," Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Ọkùnrin yìí ló rì í síbí."

Ìyá Kàrímọ́tù gbé ọwọ́ lé àyà. Kí wọ́n tó wa ilẹ̀ jìnnà, ìró ti kan gbogbo àdúgbò pé àwọn ọlọ́pàá kò-wọṣọ-iṣẹ́ ń hú òkú ní ilé Ìyá Kàrímọ́tù. Orí kún ògiri.

"Mo mọ̀," ni Ìyá Kàrímọ́tù ń sọ fún wọn. "Bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ó ní nǹkan tó ń bò mọ́lẹ̀."

Bàbá Modúpẹ́ ti bọ́ agbádá. Òun ló ń darí iṣẹ́. Ó ń fi igi tọ́ka sí pàǹtírí, ó ń ka ọ̀sẹ̀ tí wọ́n da ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka ìwé: eérú èyí jẹ́ ti àná, èèpo iṣu yẹn ti pẹ́. Bámiṣayé ń wa ilẹ̀, òógùn bò ó. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ìgbà náà ni wọ́n rán awakọ̀ lọ pe Modúpẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí òun ló kó àwo lọ́jọ́ náà. Modúpẹ́ dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní gbólóhùn kan. Modúpẹ́ rìn lọ sí ìdí igi ìbẹ́pẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i.

"Mo rì í síbí kí ológbò má baà hú u."

Ó wá dojú kọ Bámiṣayé. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹja kọ́ ló ń dùn mí. Mo bi ọ́ lójú bàbá mi pé, ìwọ? O wò mí lójú, o ní ìwọ ni. O mú mi se irọ́ fún bàbá mi jẹ."

Bámiṣayé dá ọkọ́ dúró. Gbogbo ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ìgbà náà, iṣẹ́, kọ̀ǹpútà, Màdáàmù, kò sí ìkankan tó tó èyí. "Má bínú" ni ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Modúpẹ́ ti yí padà.

Ìdí ìbẹ́pẹ náà ni wọ́n ti rí i. Agbárí rẹ̀ wà ní odindi. Egungun ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, egungun mímú náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tọrọ omi, Ìyá Kàrímọ́tù fúnra rẹ̀ ló gbé bàsíà wá, nítorí ó ti fẹ́ mọ òpin ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wẹ egungun náà bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni, sà," Modúpẹ́ dáhùn, ojú ń tì í.

"Ẹ sè é dáadáa. Àwa náà máa ń se wọ́n kí ẹran lè kúrò lára wọn. Èyí mọ́ ju tiwa lọ." Ó gbé agbárí náà sókè sí oòrùn. "Òun ni. Ẹ wò ó. Òun náà ni."

Ìyá Kàrímọ́tù sún mọ́ ọn. "Ẹja ni?"

"Ẹja ni, ìyá."

Ó wo Bámiṣayé látòkè délẹ̀, ó pòṣé, ó sì padà lọ sídìí ọjà rẹ̀. Ó jọ pé ó dùn ún díẹ̀ pé kì í ṣe òkú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gba kọ̀ǹpútà. Ó ní ilé iṣẹ́ tó lè wá egungun rí báyìí yẹ lẹ́ni tí à ń ràn lọ́wọ́. Màdáàmù kò lé Bámiṣayé lọ, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ, ó ní kí ó lọ máa fọ ìgò. Kó tó lọ, Màdáàmù ṣí àkọsílẹ̀ ẹja náà, ó ní kí Bámiṣayé jókòó, òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹja.

Bámiṣayé tẹ̀ ẹ́ pé: "Ó bàjẹ́."

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?" Màdáàmù bi í.

Ó pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "A jẹ ẹ́."

"Ta ni 'a'?"

Bámiṣayé tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó tẹ orúkọ bàbá àti ìyá Modúpẹ́, ó sì kọ ọ́ pé Modúpẹ́ ló sè é. Màdáàmù ní kí ó fi pamọ́. Ó di ti ayérayé.

Ní ti bàbá Modúpẹ́, kí ó tó wọ mọ́tò Kàbà lọ́jọ́ náà, ó pe Bámiṣayé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ti ẹja yẹn, mo lè gbójú fò ó," ó wí. "Àmọ́ mo ti sọ ìtàn ìjà tí o bá ẹja jà fún gbogbo ẹgbẹ́ àwọn bàbá nínú ìjọ wa. Ta ni yóò bá mi lọ gbà á padà lẹ́nu wọn?"

Bámiṣayé fúnra rẹ̀ ló lọ gbà á padà. Ó lọ sí Kàbà, ó dúró níwájú àwọn bàbá náà lẹ́yìn ìsìn, ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀dà funfun àti ata àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá kan fi di ìhà mú. Wọ́n sì ń pè é ní Apẹja títí dòní olónìí.

Modúpẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Kò kọ̀ ọ́, kò gbà á. Bó bá rí i lọ́nà Kabawa, á kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà.

Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, àlejò ńlá ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Lọ́kọ́jà. Ẹni tó bá wá wo ilé ẹja náà, àkọsílẹ̀ ẹja tí wọ́n jẹ ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí fún òun. Màdáàmù ti dá Bámiṣayé padà sídìí ẹ̀rọ nígbà náà, òun ló sì ń kà á sókè fún wọn, títí kan orúkọ ara rẹ̀. Kò fo ohunkóhun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Modúpẹ́ wọlé síbẹ̀.

"Mo gbọ́ pé orúkọ mi wà nínú ẹ̀rọ yẹn."

"Ó wà níbẹ̀."

"Yọ ọ́ kúrò."

"Kò ṣeé yọ," Bámiṣayé wí. "Ohun tí a bá ti kọ síbẹ̀, èmi ò lè pa á rẹ́. Mo kàn lè fi kún un ni."

Modúpẹ́ dúró, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Bámiṣayé yóò sọ ohun tó rí bẹ́ẹ̀ fún un láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

"Fi kún un, nígbà náà," ó wí. "Kọ ọ́ pé ẹni tó sè é kò mọ̀."

Bámiṣayé tẹ̀ ẹ́. Modúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní kí ó fi pamọ́, ó sì dúró títí ẹ̀rọ fi gbà á.

Lẹ́yìn náà ló fa àga kan, ó jókòó, ó sì bi í léèrè ìgbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ òun ní Kàbà, kí ìyá òun lè mọ iye iṣu tí wọn yóò gún.